Ìwé Tí Gbogbo Ọwọ́ Ń Kọ àti Ìwé Onílẹ̀kùn: Ọ̀ràn Ìtàn Ìbàdàn

Ní ọdún 1897 ni Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ńlá tí ó kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Hastings ní ilẹ̀ Sàró ni a ti bí i ní 1846, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó dàgbà sí, ní Kúdẹtì, lábẹ́ ìtọ́jú Àlùfáà Hinderer àti ìyàwó rẹ̀. Ní Ìbàdàn náà ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí ó tó lọ di àlùfáà ní Ọ̀yọ́. Ó fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Johnson kú ní 1901 láì tún fi ojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní January 1916, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó ọdún méjì kí ẹrù náà tó dé ibi tí a rán an sí. Ní 1921 ni ìwé náà jáde. Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú.

Gbogbo wa ni a ń ka ìwé yìí, gbogbo wa ni a sì ń fi í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ìka lé gbólóhùn kan nínú rẹ̀, tí ó ní kí á sọ fún òun bóyá Samuel ni ó kọ ọ́ ní 1897 tàbí Obadiah ni ó fi kún un lẹ́yìn náà, ó ṣòro púpọ̀ láti dá a lóhùn. Ọwọ́ méjì ni ó kọ ìwé náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ni ojú wa sì ń rí.

Mo mú ìtàn yìí ṣáájú nítorí àríyànjiyàn kan tí ó ń lọ láàrin àwa olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ọ̀ràn náà ni èyí: bí a bá fẹ́ kó ìtàn àwọn agbo ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn jọ sórí ayélujára, yálà ti Ọjà'ba, ti Bẹẹrẹ, ti Màpó tàbí ti Bẹyẹrúnká, irú ilé wo ni kí á kọ́ fún un? Àwọn kan ní kí á fi sínú wíkì. Wíkì ni ojúewé tí ẹni tí ó ń kà á lè tún kọ níbi tí ó ti ń kà á gan-an, láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ olóòtú kankan. Àwọn kejì ní rárá, pé kí á lo ohun tí èmi yóò máa pè ní ìwé onílẹ̀kùn: ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ó kọ̀wé kò ti lè fi iṣẹ́ rẹ̀ han aráyé àfi bí ẹni tí ó ní àṣẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Àwọn ti ìṣáájú ń bẹ̀rù kí ìmọ̀ má baà há sọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Àwọn ti ìkejì ń bẹ̀rù kí irọ́ má baà gba ìlú kan. Ìbẹ̀rù méjèèjì ni ó ní ìdí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọ́n ti pọkàn pọ̀ sórí ilẹ̀kùn jù. Ohun tí ìtàn Ìbàdàn fúnra rẹ̀ fi hàn ni pé ìbéèrè méjì ni ó ṣáájú ìyẹn: ǹjẹ́ ọwọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ hàn síta? Ǹjẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì wà nítòsí láti já a bí kò bá rí bẹ́ẹ̀?

Kí á tó wọ inú ìlú, ó yẹ kí á mọ ibi tí wíkì ti wá. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ni ó dá àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní March 1995, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè máa jùmọ̀ kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ó rántí bọ́ọ̀sì kan ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu tí wọ́n ń pè ní Wiki Wiki, èyí tí ó túmọ̀ sí kíákíá ní èdè àwọn ará Hawaii, ó sì fi orúkọ náà sọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò ṣòro fún Yorùbá láti mọ bí a ṣe ń ṣẹ̀dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: àpètúnpè ni, bí kíákíá tiwa alára.

Ní March 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger bẹ̀rẹ̀ ìwé ìmọ̀ kan lórí ayélujára tí wọ́n pè ní Nupedia. Ìwé onílẹ̀kùn pátápátá ni. Ìpele 7 ni àyọkà kọ̀ọ̀kan ní láti là kọjá lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Títí wọ́n fi pa á tì ní 2003, àyọkà tí ó la gbogbo rẹ̀ já kò pé 30. Ní January 15, 2001, wọ́n ṣí wíkì kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè máa fi pèsè ohun tí àwọn onímọ̀ yóò yẹ̀ wò níkẹyìn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n mú un wá ṣe, òun ni ó sì di olórí ilé. Kí ọdún náà tó parí, àyọkà inú Wikipẹ́díà ti tó nǹkan bí 20,000. Sanger kúrò níbẹ̀ ní 2002. Ní 2006 ó kéde ìwé ìmọ̀ mìíràn, Citizendium, tí àwọn onímọ̀ yóò máa ṣe amọ̀nà rẹ̀, tí olúkúlùkù yóò sì máa fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé. Ìyẹn kò gbèrú.

Àwọn tí ó fẹ́ràn wíkì a máa fi ìtàn yìí yangàn. N kò rò pé ó tó ohun tí à ń yangàn sí. Ó fi hàn pé ilẹ̀kùn púpọ̀ a máa pa iṣẹ́. Kò fi hàn pé ohun tí ó wọlé nígbà tí a ṣí ilẹ̀kùn dára. Àwọn ìwé onílẹ̀kùn òde òní kò sì le tó Nupedia mọ́. Ẹ wo WordPress, tí ó jáde ní 2003, tí ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ àti ìwé ìròyìn púpọ̀ ń lò. Ipò 5 ni ó bá ètò náà wá. Ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, kíkà ni tirẹ̀. Ẹni tí ó tẹ̀lé e lè kọ̀wé, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnì kẹta lè tẹ ti ara rẹ̀ jáde. Ẹnì kẹrin lè tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ọwọ́ ẹnì karùn-ún ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé wà.

Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó mọ àkàbà. Mógàjí ni olórí agbo ilé. Láti ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń jẹ Jagun, tí yóò sì máa gun òkè díẹ̀díẹ̀, yálà ní ìhà Olúbàdàn tàbí ní ìhà Balógun, ìgbésẹ̀ tí ó lé ní 20, bí ẹ̀mí bá gùn. Ìdílé kan kò dá oyè náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fo àkàbà. Ìlú tí ó gba gbogbo àlejò mọ́ra ni ó ṣe irú ìlànà líle bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀, n kò sì rò pé àwọn méjèèjì takora. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yí ìlànà oyè Olúbàdàn ti 1957 padà ní 2017, tí a sì dé àwọn ọba tuntun 21 ládé ní Gbọ̀ngàn Màpó, ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́. Kókó ìjà náà kò ju èyí lọ: ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti tún ohun tí a ti kọ sílẹ̀ kọ?

Ẹ jẹ́ kí á wọ inú ìlú wàyí. Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829 gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun. Ará Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé wà níbẹ̀, àti díẹ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá. Ọjà àárín ìlú àti ìwọ̀nba ilé tí ó yí i ká ni gbogbo ìlú nígbà náà. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan mú ibi tí ó wù ú, àwọn ẹbí, àwọn ọmọ ogun àti àwọn ẹrú rẹ̀ sì tẹ̀dó yí i ká. Nítorí náà kò sí ààfin kan tí gbogbo ìtàn ti ń ṣàn jáde. Ní Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ó ń rántí fún ọba. Ní Ìbàdàn, agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni ó ń rántí fún ara rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rántí? Ẹni tí ó bá ti jókòó gbọ́ ìtàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé mọ̀ pé kì í ṣe ẹnìkan ni ó ń sọ ọ́. Bàbá tí ó dàgbà jù ni yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yí i ká kì í dákẹ́. Bí ó bá fo orúkọ kan, ìyá àgbà kan tí ó ti ń fi oríkì ilé kí àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò kan oríkì ẹni náà sí i, bàbá yóò sì padà sẹ́yìn lọ mú un. Bí ó bá yí ọ̀rọ̀ po, àbúrò rẹ̀ kò ní wí pé irọ́ ni, yóò ní, “Ẹ̀yin bàbá, bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú yàtọ̀ díẹ̀.” Gbogbo ilé mọ ohun tí “díẹ̀” yẹn túmọ̀ sí. Àtúnṣe ni wọ́n ń ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni ó ní ẹnu. Àna ilé lè gbọ́. Kò lè tún un ṣe. Ọmọdé lè béèrè. Kò lè já àgbà. Ilé náà ṣí sílẹ̀, síbẹ̀ ẹnu ní ètò.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé àtúnṣe rẹ̀ kì í ní àpá. Ẹ rántí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ogun sọ di ẹrú nínú àwọn agbo ilé Ìbàdàn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, tí ọmọ wọn àti ọmọ ọmọ wọn sì di ọmọ ilé gan-an. Ìwà ọmọlúàbí ni pé a kì í na ìka sí wọn. Ní ti ìwà, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìran mẹ́ta bá ti kọjá, orúkọ ìlú tí a ti kó ìyá wọn wá ti fò kúrò nínú ìtàn, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọjọ́ tí ó fò kúrò tàbí ẹni tí ó yọ ọ́.

Agbo ilé kan sì lè mọ ìtàn tirẹ̀ dáadáa kí ó má mọ ti ẹnì kejì. Ẹ mú ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862. Ìbíkúnlé ni Balógun nígbà náà, Ògúnmọ́lá sì ni Ọ̀tún Balógun. Johnson kọ ọ́ pé Ìbíkúnlé lọ́ra láti bá Kúrunmí jà, pé Ògúnmọ́lá ni ara rẹ̀ ń gbóná sí ogun náà. Ayéyẹ ni agbo ilé Ìbíkúnlé wà, ti Ògúnmọ́lá sì wà ní Bẹyẹrúnká. Ẹ máa wò ó bí ẹni tí ó bá gbọ́ ogun yìí ní Ayéyẹ nìkan yóò ṣe sọ ọ́, àti bí ẹni tí ó gbọ́ ọ ní Bẹyẹrúnká nìkan yóò ṣe sọ ọ́. Nínú ìṣọ́ra Ìbíkúnlé, ọgbọ́n ni ẹnìkan lè rí, ìfàsẹ́yìn sì ni ẹlòmíràn lè rí. Agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Àárín irú ohùn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé gbé kálámù rẹ̀. Ọmọ bí ọdún 29 ni nígbà tí Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, ní èdè Yorùbá, ọdún 10 kí ìwé Johnson tó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó gun àkàbà oyè títí ó fi di Olúbàdàn ní 1955, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1964. Láti inú ìwé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ ìtàn Lágelú, ẹni tí a sọ pé ó tẹ Ìbàdàn dó kí ogun tó kọ́kọ́ tú u. Johnson ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti abúlé Ẹ̀gbá kan tí àwọn ọmọ ogun wá bá tí wọ́n sì dúró sí. Ìbẹ̀rẹ̀ méjì ni ìlú kan ní, nínú ìwé méjì tí a jọ ń bọ̀wọ̀ fún.

N kò sọ èyí láti fi bu Akínyẹlé kù. Bí kò bá ṣe òun, díẹ̀ ni ìbá kù lọ́wọ́ wa. Ohun tí mo ń wí ni pé ìwé rẹ̀ di ilẹ̀kùn tí a tì. Ohun tí àwọn àgbà kan sọ fún un, tí àwọn mìíràn ìbá ti fi “díẹ̀” yẹn já, di ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀. A kò sì rí orúkọ ẹni tí ó sọ èyí àti ẹni tí ó sọ tọ̀hún ní ìdí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. A tún ìwé náà tẹ̀ lẹ́yìn náà. Kẹ́mi Morgan, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sì sọ ọ́ di èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó tún un ṣe, ó sì fẹ̀ ẹ́ lójú. Ẹni tí kò bá tẹ́ àwọn ẹ̀dà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò lè mọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Lónìí, bí ènìyàn bá lọ gba ìtàn sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Ọjà'ba, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ gbólóhùn tí ó ti inú ìwé wá, tí a ń sọ bí ọ̀rọ̀ tí bàbá ńlá fi sílẹ̀. Ìwé ti padà sí ẹnu. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni a fi ń mọ ẹni tí mógàjí tọ́ sí, òun náà ni a sì ń gbé lọ sí ilé ẹjọ́ bí ọ̀ràn ilẹ̀ bá dé.

Àpẹẹrẹ kékeré kan nìyí. Kí ni Ọjà'ba? Àwọn kan ní Ọjà Ọba ni. Àwọn mìíràn ní Ọjà Ìbà ni, nítorí Ìbà Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run tí ó kú ní 1847. Àwọn ìwé àtijọ́ kò fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, nítorí náà “Oja'ba” inú wọn kò gbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ìwé onílẹ̀kùn yóò mú ọ̀kan, yóò sì dákẹ́ lórí èkejì. Nínú wíkì, ẹnìkan yóò kọ ti Ọba lówùúrọ̀, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ di ti Ìbà lálẹ́, wọn yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi kọ méjèèjì tàbí títí yóò fi sú wọn. Ìjà bẹ́ẹ̀ kò dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn ọdún 10 yóò rí i pé ìjà wà.

Ibi tí wíkì ti ta ìwé onílẹ̀kùn yọ gan-an nìyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà sọ ọ́. Gbogbo ojúewé wíkì ni ó ní ojúewé mìíràn lẹ́yìn, níbi tí a kọ gbogbo àtúnṣe tí a ti ṣe sí i láti ọjọ́ tí a ti dá a: ọjọ́, wákàtí, orúkọ tàbí nọ́ńbà ẹni tí ó ṣe é, àti ohun tí ó yọ àti ohun tí ó fi kún un. A lè mú ẹ̀dà ọdún yìí àti ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn kí á fi wọ́n wé ara wọn ní gbólóhùn dé gbólóhùn. A lè dá èyí tí a bà jẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ojúewé ìjíròrò tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn tí kò gbà fún ara wọn ti ń ro ẹjọ́. Ìbá ṣe pé ìwé Johnson wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a kì bá máa méfò ohun tí Obadiah ṣe. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ètò onílẹ̀kùn a máa tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni ó sábà máa ń rí wọn. Ohun tí ó kan òǹkàwé ni a fi pamọ́ fún olóòtú. Àwa olùkọ́ a máa kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má fi Wikipẹ́díà ṣe ẹ̀rí. Ìkìlọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n a ìbá tún kọ́ wọn bí a ṣe ń ka ojúewé ẹ̀yìn yẹn, nítorí ẹ̀kọ́ ìtàn gidi ni ó wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, àpá ọwọ́ nìkan kò tó, bí kò bá sí ẹni tí ó ń wò ó. Ní 2005, ẹnìkan kọ ọ́ sínú Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì pé a fura sí John Seigenthaler, akọ̀ròyìn àgbà kan ní Amẹ́ríkà, pé ó lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ Kennedy. Irọ́ gbuu ni, oṣù mẹ́rin ni ó sì fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ṣe é ní òfin níbẹ̀ pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè dá ojúewé tuntun. Wíkì náà ṣe ilẹ̀kùn díẹ̀. Ní December ọdún kan náà, ìwé ìròyìn Nature gbé àyọkà 42 nípa sáyẹ́ǹsì fún àwọn onímọ̀ láti yẹ̀ wò: nǹkan bí àṣìṣe 4 ni wọ́n rí nínú àyọkà Wikipẹ́díà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 3 nínú ti Encyclopaedia Britannica. Àwọn ará Britannica bínú, wọ́n sì kọ èsì gígùn. Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ojú púpọ̀ lè sún mọ́ iṣẹ́ àwọn onímọ̀, níbi tí ojú bá ti pọ̀.

Bí ojú kò bá pọ̀ ńkọ́? Ní August 2020 ni ó hàn sí gbogbo ayé pé ọ̀dọ́mọdé kan ní Amẹ́ríkà, tí kò gbọ́ èdè Scots ti àwọn ará Scotland, ni ó ti kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àyọkà nínú Wikipẹ́díà èdè náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ìwé atúmọ̀ ni ó ń wò tí ó fi ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ni ó wà ní gbangba, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ èdè náà kò sí níbẹ̀ láti kà á. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ọjà yẹn kò ní àgbà. Ó yẹ kí èyí ká wa lára. Àyọkà inú Wikipẹ́díà Yorùbá lé ní 30,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ, àwọn tí ó sì ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́ kò pọ̀ rárá.

Ẹ wò ó lára Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn. Bí Johnson ṣe kọ ọ́, ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà kà sí i lọ́rùn ní 1874 ni pé kò bá òun lọ sí ogun, pé kò fi oúnjẹ àti ohun èlò ránṣẹ́ sí òun, pé kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. A yọ ọ́ lóyè, a sì pa á ní ọdún náà. Àwọn ẹrú rẹ̀ ni a lò. Obìnrin tí ó ti fi ohun ìjà ran àwọn ológun lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ni, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì kú nígbà ìrọbí. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré onítàn rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Iṣẹ́ ńlá ni, gbogbo wa ni a sì kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́. Ẹfúnṣetán inú eré náà ni ìlú ń rántí nísinsìnyí, èyí tí ń pa aboyún. Bọ́láńlé Awẹ́ àti àwọn òpìtàn mìíràn ti tọ́ka sí i pé ọ̀rọ̀ agbára àti ọrọ̀ ni ó wà nídìí ikú rẹ̀. Bí a bá fi ojúewé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọwọ́, eré ni yóò borí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Bí a bá fi í sábẹ́ olóòtú kan, ohun tí olóòtú náà gbàgbọ́ ni yóò borí. Èwo nínú wọn ni yóò béèrè lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀?

Òfin Wikipẹ́díà pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kí a béèrè, nítorí ó ní ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ti inú ìwé tàbí ìwé ìròyìn tí a ti tẹ̀ wá. Ilẹ̀kùn kan nìyẹn tí àwọn tí ó ń yin wíkì kì í sábà rí. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà fi já bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní Bẹyẹrúnká kò lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ohun tí òyìnbó kan gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì tẹ̀ sínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ọ̀nà mìíràn wò ní Íńdíà àti ní South Africa: wọ́n gba ohùn àwọn tí ó mọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n sì fi ohùn náà ṣe ẹ̀rí nínú àyọkà. Àwọn aláṣẹ ojúewé jiyàn lé e lórí gan-an, kò sì di òfin.

Ọ̀nà yẹn ni èmi yóò dábàá fún ẹgbẹ́ wa, pẹ̀lú àyípadà kan. Ohùn àwọn àgbà ni kí á fi sínú ìwé onílẹ̀kùn, ní ibi ìkówèésí ti yunifásítì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, agbo ilé rẹ̀, ọjọ́ tí a gbà á, àti àwọn tí ó jókòó tì í. Kí ẹnikẹ́ni má sì lè tún un ṣe mọ́ láéláé, àní olóòtú. Àyọkà tí a bá kọ láti inú ohùn náà ni kí á fi sínú wíkì, kí ó máa yí padà bí ó ti fẹ́, kí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì máa nàka sí ohùn tí ó ti wá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti wí pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù, pé kí á kúkú mú ọ̀kan. Iṣẹ́ náà pọ̀ lóòótọ́. Ogun Ìjàyè ni ìbá dára kí á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìhà méjì gbangba, àwọn ọmọ ìhà méjèèjì sì wà láàyè láti gbọ́ ohun tí a bá kọ. Ayéyẹ kò jìnnà sí Bẹyẹrúnká. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí ó bá jí jáde lówùúrọ̀ lè jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ méjèèjì kí oòrùn tó wọ̀.